Awò tòkunbọ̀ tí mo rà ní Balógun

Ẹyẹ kan ló kó mi sí ìnáwó yìí. Ilẹ̀ kì í mọ́ kó má kọrin nínú igbó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé wa ní Àkọkà, lápá ọ̀sà. Á súfèé bí èèyàn, á yí ohùn padà bí ẹyẹ mìíràn, tí n ó fi rò pé bíi márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo ń yọjú títí, ewé nìkan ni mò ń rí.

Ni mo bá gba Balógun lọ. Ọmọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ kọ́kọ́ na awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì (binoculars) tuntun kan sí mi, wọ́n kọ 60x60 sí i lára. "Màmá, èyí lágbára. Ẹ máa wà l'Ékòó, kẹ́ ẹ máa wo Àgbádárìgì." Mo gbé e sójú: gbogbo nǹkan ṣú, ó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni pé ó ń sún nǹkan mọ́ ojú ní ìlọ́po 60, ọwọ́ ta ló máa mú un dúró? Mo ní, "Ọmọ mi, fún mi ní ti abẹ́ yẹn." Rọ́bà ara rẹ̀ ti ń bó, àmọ́ 8x42 ni: ó ń sún nǹkan mọ́ ojú ní ìlọ́po 8, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 42. 42 yẹn ni mo ń wá, torí dígí tó fẹ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú, abẹ́ igi kì í sì í mọ́lẹ̀ tó. Ó pe 60,000 náírà, mo san 38,000. Ó kọ́kọ́ fajú ro.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí ẹni tí mò ń wá. Ilẹ̀ ló wà! Ó ń fò tọ́ń-tọ́ń lórí ewé gbígbẹ, ó ń fi ẹnu tú u wá èèrà, èmi sì ti ń wo òkè igi láti oṣù méjì. Ojú rẹ̀ dúdú, funfun gba àárín orí rẹ̀ kọjá bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun fà á, àyà dé ikùn pọ́n bí epo tuntun. Ìrù náà pọ́n, àfi ìyẹ́ àárín tó dúdú. Snowy-crowned Robin-Chat ni, Cossypha niveicapilla, ẹyẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń sín ẹyẹ mìíràn jẹ. Òun nìkan ni gbogbo márààrún tí mò ń kà.

Mo ń lo gíláàsì, rọ́bà ibi ojú awò náà sì ṣeé ká sílẹ̀, gíláàsì mi kò dí mi lọ́wọ́. Okùn ọrùn rẹ̀ ti gé, àjákù àǹkárá ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni funfun kan tó rí bí òwú aláǹtakùn nínú dígí òsì. Ọ̀rinrin ló ń hu irú ẹ̀ sínú dígí, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ tàn án láti iwájú, kẹ́ ẹ sì wò ó láti ẹ̀yìn.