Ìkìlọ̀: ẹni tó ń ta VR "adádúró" fáwọn ará wa láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa ní Kàbbà, Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú, títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀kun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó àti lókè òkun tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi ra nǹkan fáwọn ọmọ. Ẹnì kan ń káàkiri àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp wa, VR ló ń tà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń dé mọ́jú láti fi ṣe géèmù tàbí wo fídíò bí ẹni pé èèyàn wà nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ kankan, torí orúkọ tó ń jẹ́ ní Mọ̀pà kọ́ ló ń jẹ́ ní Kàbbà, nọ́ńbà rẹ̀ náà kì í pẹ́ kú. Ọgbọ́n tó ń dá ni kẹ́ ẹ mọ̀.

Iṣẹ́ fóònù àti ẹ̀rọ géèmù ni mò ń ṣe. Èmi ni wọ́n máa ń gbé ọjà rẹ̀ wá bá pé, "Brọ̀dá, ẹ bá wa wò ó, kò ṣiṣẹ́." Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò bàjẹ́ rárá. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn rà kọ́ ló wà nínú páálí ni.

Àwòrán Quest funfun kan tó mọ́ tónítóní, VR adádúró tí ilé iṣẹ́ Meta ń ṣe, ló máa ń gbé síta, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò nílò fóònù, kò nílò kọ̀ǹpútà, tuntun nínú páálí, ₦110,000. Ó ní Lọ́kọ́jà lọjà wà, òun á fi wébìlì ránṣẹ́ sí gáréèjì tó bá sún mọ́ yín. Ẹ ó san ìdajì kó tó gbé e sọ́kọ̀, ẹ ó san ìyókù nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá dé. Dẹ́rẹ́bà ò sì ní yọ̀ǹda páálí títí onítọ̀hún á fi pè é pé òun ti rí àláàtì. Ẹ má bá dẹ́rẹ́bà jà o, òun náà ò mọ nǹkan tó gbé. Sẹ́lótéèpù ni wọ́n máa ń fi wé páálí yẹn láti òkè délẹ̀, kẹ́ ẹ má baà ráyè tú u níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ ti ń kígbe pé kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lọ.

Ẹ wo ti owó náà ná. Quest 3S tó jáde ní oṣù kẹwàá 2024, dọ́là 299.99 ni wọ́n ta èyí tó kéré jù nínú rẹ̀. Quest 3 tó ṣáájú rẹ̀ ní 2023, dọ́là 499.99 ni wọ́n ta á nígbà tó jáde. Ẹ fi iye tí dọ́là ń lọ lónìí sọ ọ́ di náírà, ẹ fi owó tó gbé e wọ Nàìjíríà lé e, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bí tuntun inú páálí ṣe di ₦110,000.

Kí ló wá wà nínú páálí? Èyí tó pọ̀ jù ni ike lásán. Awò méjì ló wà níwájú rẹ̀, àlàfo kan wà tí ẹ máa ki fóònù yín sí, rìmóòtù kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń pè ní páàdì. Irú ohun tí Google fi páálí ṣe ní 2014 tí wọ́n pè ní Cardboard nìyẹn, àwọn fúnra wọn ò tà á mọ́ láti 2021. Ike yẹn kò burú fún ọmọdé tó fẹ́ wo fídíò, owó kékeré ni wọ́n sì ń tà á. Fóònù yín ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ike kàn ń gbé e dúró níwájú ojú ni. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní adádúró, jìbìtì ló ń lù.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni irú kejì, torí ojúlówó ẹ̀rọ ni. Ó wúwo, ó dára, orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá wà lára rẹ̀, wáyà gígùn sì jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá kan tó ní ilé géèmù ní ọ̀nà Ìsánlú gbé ọ̀kan wá. PlayStation VR ni, èyí tí Sony gbé jáde ní 2016. Láìsí PS4 tàbí PS5, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù Sony, kò sí nǹkan tó lè fi ṣe. Mo tún ti rí VR míì tó ń jẹ́ Rift S, ti 2019, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó ní káàdì géèmù tó lágbára ló máa gbé e. Owó kọ̀ǹpútà yẹn á ju ti VR fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀gá yìí pe ẹni tó tà á fún un, onítọ̀hún ní ẹ̀rọ náà "orígínà" ni, pé kí ló tún fẹ́. Kò purọ́ níbẹ̀ yẹn. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí wáyà tí kì í ṣe ti ṣájà, ẹ má sanwó.

Irú kẹta, adádúró ni lóòótọ́, àmọ́ ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Oculus Go ti 2018 wà níbẹ̀, aláwọ̀ eérú, páàdì kan ṣoṣo. Bẹ́ ẹ bá wo ọ̀tún, ó mọ̀. Bẹ́ ẹ bá wo òkè, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ síwájú, kò mọ̀, ilé tẹ́ ẹ ń wò nínú rẹ̀ á kàn máa bá yín rìn ni, ibẹ̀ sì ni òòyì ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíì. Wọ́n ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró láti 2020. Quest àkọ́kọ́, ti 2019, dúdú ni. Òun mọ ìrìn, àmọ́ láti 2024 wọn ò gba géèmù tuntun fún un mọ́. Ẹni tí mò ń sọ yìí á fi àwòrán Quest 2 funfun hàn yín, á wá fi dúdú ránṣẹ́, á ní àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Irọ́ ni o.

Ó ti ń ta 3S lórúkọ Quest 3 náà báyìí, àwọn tó lówó díẹ̀ ló sì ń bá a pàdé. Ẹ wo iwájú ẹ̀rọ: Quest 3 ní ihò gígùn mẹ́ta tó dúró ṣánṣán, 3S ní ojú kámẹ́rà mẹ́ta-mẹ́ta lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: Quest 3 ní kinní róbótó tí ẹ lè yí láti fi sún àwọn awò mọ́ra, ó sì ní ihò ìyafónì lẹ́gbẹ̀ẹ́. 3S ò ní méjèèjì. Ẹ̀rọ tó dáa ni 3S o, ojúlówó owó rẹ̀ ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ó máa ń sọ pé òun ti kó géèmù ogójì sí i. Ákáǹtì ẹni tó ra géèmù ló ni géèmù. Bẹ́ ẹ bá nù ún, ìyẹn kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ fi ákáǹtì tiyín wọlé, gbogbo ẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ ò bá sì nù ún, abẹ́ ákáǹtì rẹ̀ lẹ̀ ń gbé. Ó tún ní bí àyè ò bá tó, ẹ ra mẹ́mórì káàdì. Kò sí Quest kankan tó ní ihò mẹ́mórì káàdì, àyè tó bá bá a wá náà ló ní.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ fi ike yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ ra adádúró? Ẹni tó ní ilé géèmù, tó ní sólà tàbí jẹnẹrétọ̀, mo lè ní kó rà á, torí àwọn ọmọ á tò fún un. Àmọ́ kó mọ̀ pé bátìrì ò ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ, iná AEDC wa yìí ò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kó mọ̀ pé gígábáìtì ni géèmù kọ̀ọ̀kan, dátà yóò jẹun. Ẹni tó kàn fẹ́ wo fíìmù lórí bẹ́ẹ̀dì, kó lọ ra tẹlifíṣọ̀n. Òbí tó fẹ́ rà á fọ́mọ, ilé iṣẹ́ Meta fúnra wọn ò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá lò ó. Tòkunbọ̀ Quest 2 tí kò lábùkù ṣì wúlò lójú tèmi, àgàgà èyí tó ní 128GB. Èyí tó jẹ́ 64GB, ara àwọn àkọ́kọ́ tó jáde ní 2020 ni. Ní oṣù keje 2021 ni wọ́n kéde pé fóòmù tó ń kan ojú lára wọn ń mú kí awọ ara àwọn kan máa yún, wọ́n sì fún àwọn èèyàn ní rọ́bà tí wọ́n á fi bò ó. Ẹ béèrè rọ́bà yẹn.

Àbùkù tó burú jù lára tòkunbọ̀, oòrùn ló ń fà á. Bí wọ́n bá gbé VR sílẹ̀ tí awò rẹ̀ kọjú sí oòrùn, awò yẹn á kó oòrùn jọ sójú kan, á sì jó sikírìnì inú. Oòrùn tiwa yìí ò sì pẹ́ kó tó ṣe é. Kò sí bí mo ṣe lè tún un ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe fún yín ní Kàbbà. Láti ìta, kò hàn rárá.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ gbé e sórí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ mú fóònù tó ní dátà dání, torí tuntun tàbí èyí tí wọ́n ti nù gbọ́dọ̀ gba áàpù Meta Horizon kọjá kó tó ṣí. Ẹ tàn án. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ lóṣòó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ń súnmọ́ yín. Ẹ wá ojú ìwé funfun kan nínú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá àmì tóótòòtó kan, ìyẹn ibi tí oòrùn ti jó, dúró sójú kan náà bẹ́ ẹ ṣe ń yí orí. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì páàdì méjèèjì, ẹ ṣí ibi bátìrì wọn, bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wo orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ti ara páálí. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ ò lè tú páálí kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Ẹni tó bá ti sanwó, kó pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró dọ̀la, torí owó tó ṣì wà nínú ákáǹtì oníjìbìtì yẹn nìkan ni wọ́n lè dá dúró. Kó tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp náà àti rìsíìtì tíránsífà, kó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kó sì fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nítorí ìtìjú, ìtìjú yẹn gan-an ló ń bá oníjìbìtì yìí ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin alábòójútó ẹgbẹ́ WhatsApp, bí ẹnikẹ́ni bá gbé VR síta fún títà, ẹ ní kó kọ ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, kó ya fídíò rẹ̀ bó ṣe ń tàn. Mo ti ní kí ẹni yìí ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.