Ẹ ṢỌ́RA O! Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti jó differential rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n tà fún mi

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀sì àlòkù l'Ékòó, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Differential ni gíà ìdí ọkọ̀ tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; wẹ́dà ti jó tèmi pọ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi ò gbà á mọ́.

HiAce ni mo rà, ₦6,500,000. Ọdún mẹ́ta ni èmi àti ìyàwó mi fi kó owó yẹn jọ nídìí aṣọ tí à ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ọmọkùnrin tó tà á ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi". Ó fi ìyá rẹ̀ búra pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkọ̀ náà. Àárọ̀ Sọ́ńdè ló ní ká lọ dán an wò. Ọ̀nà Ìkòròdú ló mú mi gbà, láti Maryland dé Ojota, ọ̀nà gbọọrọ, kò sí kọ́nà. Nígbà tá a fẹ́ yí padà, ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín yí i." Táyà ẹ̀yìn han gooro. Mo bi í pé kí ló ń dún. Ó ní táyà tuntun ni, kò tíì mọ ilẹ̀. Táyà tuntun! Mo sì gbà á gbọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti jẹ dé wáyà. Dẹ́rẹ́bà mi ń ráhùn pé bí òun bá fẹ́ yà, ọkọ̀ kì í fẹ́ yà, ẹ̀yìn á máa ta gìjìgìjì. Mo bínú sí i, mo ní kò mọ ọkọ̀ wà. Mo ti bẹ̀ ẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Carter wọ Ìdúmọ̀tà, ẹ̀yìn ọkọ̀ yọ̀ lọ gbá ẹ̀gbẹ́ afárá. Ọlọ́run ló ní kò pa ẹnikẹ́ni! Lọ́jọ́ kẹrin, shaft, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn, kán ní Ojúẹ̀lẹ́gba, tòun tẹrù.

Mẹkáníìkì tú ìdí ọkọ̀, ó ní kí n wá wò ó. Àwọn gíà kéékèèké inú differential, tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti tòsì lè yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wẹ́dà ti jó gbogbo wọn pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yà, táyà tó wà lóde máa ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Bí wọ́n bá ti jó o, iye kan náà ni méjèèjì máa yí, ọ̀kan á wá máa wọ́ nílẹ̀. Ohun tó jẹ táyà mi nìyẹn, òun náà ló kán shaft. Mẹkáníìkì ní ó jọ pé gíà yẹn ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Dípò kí ọmọkùnrin tó tà á fún mi lọ ra òmíràn ní Ládípò, ó ní kí wọ́n jó o kó lè rìn títí tí yóò fi rí owó mi gbà. Olè ni!

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé jíjó differential ò burú. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń fi ọkọ̀ yọ̀ ṣeré máa ń jó o: owó rẹ̀ ò pọ̀, táyà méjèèjì á sì jọ máa fa ọkọ̀. Nínú ẹrẹ̀ náà, ó wúlò. Ẹni tó jó tirẹ̀ mọ ohun tó ń gùn. Èmi ò mọ̀! Bọ́ọ̀sì tó ń kẹ́rù lórí títì ọ̀dà, nínú òjò Èkó!

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò mú mẹkáníìkì dání. ₦20,000 tó ní kí n mú wá ni mo ń ṣọ́. Àṣìṣe mi ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa rò pé èèyàn á fi ìyá ẹ̀ búra èké?

Kí ẹ tó ra bọ́ọ̀sì, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì sókè, ẹ fi nǹkan dí tiwájú, ẹ fi gíà sí neutral, kí ẹ fọwọ́ yí ọ̀kan. Bí èkejì bá yí sí òdìkejì, kò burú. Bí méjèèjì bá jọ ń yí síbì kan náà, ẹ má sanwó kí mẹkáníìkì tó tú u wò. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fi ọkọ̀ yípo níbi tó há, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.

Ní tèmi, mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ta ọkọ̀ gbọ́ mọ́. Àná ni mo tún pe nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn. Ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó pa á.