Ajílẹ̀ ẹ̀dínwó àbí ààbò ilẹ̀ oko: èwo ni kí ìjọba fi ṣáájú?

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá gbé ajílẹ̀ ẹ̀dínwó dé Òmù-Àrán ní Kwara, inú àgbẹ̀ a dùn: láìpẹ́, àgbàdo a dúdú minimini. Àmọ́ bí ọdún bá yí po, ẹ tún padà sórí ìlà ajílẹ̀. (Ìlà ọ̀hún kì í kúrú!)

Ààbò ilẹ̀ oko kò ṣeé dì sínú àpò ká fi ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Ìlọrin: ebè iṣu ti di pulọ́ọ̀tì, òpó ààlà onísìmẹ́ǹtì ló dúró níbi tí igi kajú wà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ó lágbára láti dáàbò bo ilẹ̀ oko. Èmi, ààbò ilẹ̀ ni mo mú. Bí ajílẹ̀ bá pẹ́, a ó fi ìgbẹ́ adìẹ rọ́pò rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ti jókòó sórí oko, kò sẹ́ni tí yóò hú u.