Ṣájà 25W tí mo ń lò fún Samsung A34 mi

Aṣọ ni mo ń rán ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Orí WhatsApp làwọn oníbàárà mi ti ń fi sítáìlì ránṣẹ́, fóònù tó bá kú lọ́sàn-án lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí NEPA bá sì múná wá, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ.

Kò sí ṣájà nínú páálí A34. Mo wá ra ti Samsung fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 25W sí (ìyẹn bí iná tó lè gbé jáde ṣe pọ̀ tó), tó ń lo wáyà Type-C. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta tàwọn tí wọ́n ń pàtẹ sẹ́bàá títì lọ, àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀. Bátìrì 5000mAh ló wà nínú fóònù yìí. Tí mo bá fi sí iná nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, kí n tó rán kọ́là àti apá búláòsì kan tán, ó ti tó ìdajì.

Àbúrò mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé 65W ni tòun, ti láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀. A fi sí fóònù mi: "Fast charging" ló kọ. A yí i padà sí 25W tèmi: "Super fast charging"! Fóònù ló ń béèrè iye iná tó fẹ́, ṣájà sì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń béèrè. PPS lorúkọ ọ̀nà tí Samsung ń gbà béèrè tiẹ̀. Torí náà, ẹ yí ẹ̀yìn ṣájà wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ẹ ò bá rí PPS níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà ńlá ara páálí sílẹ̀ fún wọn. Wáyà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ Type-C lórí méjèèjì. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Tecno àti Infinix, tiyín yàtọ̀ o.)

Tó bá ti kọjá 80, ńṣe ló ń fà bí ìgbín. Gbogbo fóònù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí bátìrì má baà tètè bàjẹ́. Èmi kì í dúró dè é. Mo máa ń yọ ọ́, kí áyọ́ọ̀nù náà ráyè.

Bí tiyín ò bá kọ "Super fast charging", ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí Battery wà, kẹ́ ẹ tàn án níbẹ̀. Ti àǹtí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi wà ní pípa látọjọ́ tó ti rà á.