Mo lọ wo Gbẹ̀rẹ̀fù ní Àgbádárìgì: ojú oníṣẹ́ símẹ́ńtì ni mo fi wò ó

Iṣẹ́ símẹ́ńtì ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú. Òpó ìloro, òdòdó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àjà, kìnnìún méjì tí àwọn onílé máa ń gbé sórí òpó géètì, gbogbo rẹ̀ là ń dà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa ẹja yíyan àti ìgbafẹ́ etí òkun, kó bi ẹlòmíràn. Ohun tí mo bá lọ ni òpó méjì tí wọ́n gbé dúró ní erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní Point of No Return.

Àbúrò ìyàwó mi tó lọ́kọ sí Àgbádárìgì ló ní kí èmi àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi wá. Marina Àgbádárìgì la ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fún wa ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì; ìdè tèmi ti já, okùn ni mo fi so ó. Ọ̀sà ibẹ̀ kò fẹ̀. Kí ẹ̀rù tó ráyè bà mí, a ti gúnlẹ̀.

Amọ̀nà wa, ọmọ Ègùn ni, Yorùbá sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. “Bàbá, ẹ rọra o, iyanrìn yìí máa ń gba agbára lọ́wọ́ àgbà.” Kò parọ́. Iyanrìn ló lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, igi àgbọn lọ́tùn-ún lósì, oòrùn lókè orí. Ọ̀kadà wà tó lè gbé yín dé iwájú, àwọn kan tí a jọ wọ ọkọ̀ sì gùn ún. Ẹ má gùn ún tí ẹsẹ̀ yín bá gbé e. Ọ̀nà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà. Òpó tó wà níwájú kàn ń parí rẹ̀ ni.

Lágbedeméjì ọ̀nà ni kànga wà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé wọ́n á fún àwọn ẹrú ní omi ibẹ̀ mu, kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí ara wọn sì rọ̀ kí wọ́n tó dé etí òkun. Ọmọkùnrin náà sọ ọ́ tán, ó sì dákẹ́. Kò bi wá bóyá a ní ìbéèrè, kò ṣe àwàdà kankan, ó kàn kọjú sí ọ̀nà, ó sì ń lọ. Mo ti bá àwọn amọ̀nà rìn tí wọn kò ní jẹ́ kí etí ẹni sinmi. Tọkàntọkàn ni mo fi fún eléyìí ní ẹ̀bùn.

Òpó náà wá ńkọ́? Méjì ni, wọ́n ga, wọ́n tẹ̀ síra wọn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ forí kanra, ṣùgbọ́n wọn ò kanra. Òkun ló wà láàárín wọn. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, kò sí ohun tó le níbẹ̀. Bí owó irin àti pákó bá ti wà nílẹ̀, àwọn ọmọ wa ní Ìkòròdú á dà á. Bí wọ́n bá sì gbé e wá sí oríta wa, àwọn dírẹ́bà á ní pátákó ìpolówó ló fẹ́ rù. Ṣùgbọ́n níbi tó wà yẹn, lẹ́yìn iyanrìn àti kànga, mo dúró láàárín rẹ̀, n kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo rí nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà nìyẹn. Susanne Wenger, òyìnbó Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950. Àtúnṣe ojúbọ tí ikán ti jẹ ni òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo fi bẹ̀rẹ̀. Adébísí Àkànjí, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ère ibẹ̀, bíríkìlà ni. Irin, amọ̀, símẹ́ńtì: ẹrù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi náà ni. Ṣùgbọ́n àárín igi ni ère ti ń wá àyè, wọn ò gé igi nítorí ère. Ère wọ̀nyẹn sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ gégi, tó fẹ́ pín ilẹ̀, rí igbó náà gbà. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé.

Nígbà tí a jókòó sábẹ́ àgbọn, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Kìnnìún tí à ń tà yìí, ta ló ti rí kìnnìún rí ní Ìkòròdú? Ọ̀sà la ní. Ẹ jẹ́ ká máa mọ ọ̀ọ̀nì.” Mo ní ta ló máa ra ọ̀ọ̀nì sẹ́nu géètì. Ó ní, “Ará Ìpakodò tó wà létí ọ̀sà.”

Inú mi ò dùn síbi tí igi Agíà wà tẹ́lẹ̀ nínú ìlú Àgbádárìgì. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wàásù ẹ̀sìn Kristi ní 1842. Igi náà wó ní 1959, wọ́n sì gbé ohun ìrántí síbẹ̀. A débẹ̀, a kà á, a kúrò. Èmi ì bá gbin igi mìíràn.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú ọkọ̀ ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n to ère símẹ́ńtì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Gbẹ̀rẹ̀fù. Èmi tí mò ń fi símẹ́ńtì jẹun ni mo sọ pé rárá. Atẹ́gùn òkun máa ń gbé iyọ̀ wọnú kọnkéré; tí irin inú rẹ̀ bá ti dógùn-ún, á wú, á sì là á. Ẹni tí kò bá bo irin dáadáa, tí kò sì ní owó ìtọ́jú, kó má dán an wò létí òkun. Ìko ni kí wọ́n lò. Ṣebí àwọn Ègùn ló ni Zangbeto, ọdẹ òru wọn, tí wọ́n ń fi ìko bò láti òkè délẹ̀, tó sì ń yí bírí bírí. Bó bá gbó, wọ́n á tún òmíràn hun. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun wà nílé, kò sí pé à ń wá ẹnikẹ́ni láti òkè òkun.

Ẹ̀sùn tí mo ní, ti owó ni. Owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó amọ̀nà lọ́tọ̀, bí a sì ṣe gúnlẹ̀ ni ẹlòmíràn tún na ọwọ́, kò sì sí ìwé tí wọ́n kọ iye sí. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ gbé omi dání, ẹ sì fi bàtà tó ní gìgísẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará ilé.