Oligodendrocyte tàbí Schwann?
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi l'Abẹ́òkúta kì í yéé bèèrè: nínú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì tó ń fi ọ̀rá myelin wé fọ́nrán iṣan tó ń gbé ìròyìn nínú ara, èwo ló sàn?

Oligodendrocyte, ti ọpọlọ, kì í fàyè ṣòfò: ẹyọ kan lè wé ibi tó tó 50, bí aládìrẹ Ìtòkú tó ń bójú tó ìkòkò aró púpọ̀. Àmọ́ bó bá kú, gbogbo wọn ló ṣí sílẹ̀.

Schwann, ti ọwọ́ àtẹsẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló ń wé. Ó gbàyè o! Ṣùgbọ́n bí iṣan bá já, ó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, ó sì ń tọ́ fọ́nrán tuntun sọ́nà, bíi mìlímítà 1 lójúmọ́.

Fún inú agbárí tó há, oligodendrocyte ni màá mú. Fún ìka tí ọ̀bẹ lè gé, Schwann.