Lọ́yà tó ní ká dúró: bankruptcy ẹlẹ́ẹ̀kejì àti gbèsè IRS ní Houston

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún lọ́yà yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò nípa ọ́fíìsì rẹ̀.

Tírélà ni Bàbá Tóbi, ọkọ mi, ń wà. Iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe, kò sí ọ̀gá kankan tó ń bá a yọ owó-orí sílẹ̀, bí gbèsè IRS (àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà) ṣe gun orí ara wọn nìyẹn: 2018, 2019, 2020. Ó sì ti ṣe Chapter 7 rí, ìyẹn irú bankruptcy tí kóòtù fi ń pa gbèsè rẹ́, ní oṣù kẹfà 2016, nítorí gbèsè ilé ìwòsàn àti ti káàdì. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó lè tún un ṣe, àti bóyá kóòtù lè pa gbèsè owó-orí rẹ́.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù la kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe lọ́yà. Ó ní ọdún mẹ́jọ ti pé, ká mú owó wá, ká fi ìwé sílẹ̀ kíá. Òótọ́ ni ti ọdún mẹ́jọ. Láti Chapter 7 kan sí òmíràn, ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Tó bá jẹ́ Chapter 13 (èyí téèyàn ti ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ kóòtù) lèèyàn fẹ́ ṣe lẹ́yìn Chapter 7, ọdún mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò béèrè ọ̀rọ̀ kan nípa owó-orí.

Lọ́yà wa ò tíì jókòó dáadáa tó fi béèrè pé, “Transcript IRS yín dà?” A ò ní. Àkọsílẹ̀ tí IRS ní nípa owó-orí èèyàn ni. Ó ní ká lọ gbà á lórí ìkànnì IRS, pé ọ̀fẹ́ ni, ká wá padà wá. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ yẹn. (Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa ya fọ́tò ojú yín fún wọn. Bàbá Tóbi yà á títí inú fi bí i.)

Nígbà tá a padà dé, ó fi báírò tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí owó-orí tó lè bá bankruptcy lọ, ó gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ látìgbà tó yẹ kéèyàn fáìlì ìwé owó-orí, ọdún méjì látìgbà tó fáìlì gan-an, àti 240 ọjọ́ látìgbà tí IRS kọ gbèsè náà sílẹ̀. Jìbìtì ò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ti 2019 yege. Nígbà tó dé 2020, ó fàlà sábẹ́ nọ́ńbà 460, ó ní, “Sà, ẹ tọrọ àfikún àkókò lọ́dún yẹn.” Bàbá Tóbi ò tiẹ̀ rántí mọ́. Nítorí àfikún yẹn, October 15, 2021 ni ọdún mẹ́ta náà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní a fi ìwé sílẹ̀ kíá bí ọkùnrin yẹn ṣe wí, gbèsè 2020 tó tóbi jù máa wà lọ́rùn wa, ọ̀nà Chapter 7 á sì tún dí fún ọdún mẹ́jọ. Lọ́yà ní ká lọ dúró.

2018 ló bà wá nínú jẹ́. Ó pẹ́ kó tó fáìlì ti ọdún yẹn. Ní Texas níbí, abẹ́ Fifth Circuit, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀, la wà, ilé ẹjọ́ náà sì ti pinnu ní 2012, nínú ẹjọ́ McCoy tó dá lórí owó-orí ìpínlẹ̀ Mississippi, pé fáìlì tó bá pẹ́ kì í ṣe fáìlì lójú òfin bankruptcy, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan péré. Ẹni tó bá pẹ́ ò lè jàǹfààní ọdún méjì yẹn láé. Gbogbo Amẹ́ríkà kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀ o, nítorí náà ẹ má fi ohun tí ará yín kan sọ láti Maryland tàbí California ṣe odiwọ̀n tiyín.

Ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e ni mo fi sọ pé owó rẹ̀ ò gbé. Ó ní bá a ṣe ń dúró, ká máa san díẹ̀díẹ̀ fún IRS, ká sì kọ ọ́ sára ṣẹ́ẹ̀kì pé ti 2018 ni. Owó téèyàn bá fínnúfíndọ̀ san, ó lè yan ọdún tó fẹ́ kó bọ́ sí. Kí ló dé tá a fẹ́ máa san èyí tí kóòtù máa pa rẹ́?

Ìparí October 2024 ni lọ́yà bá wa fi ìwé sílẹ̀. $338 ni ti kóòtù, $1,900 ni tirẹ̀. Kíláàsì ìṣúná ṣáájú, òmíràn lẹ́yìn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì. Orí Zoom ni trustee (ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó ẹjọ́ náà) ti bi Bàbá Tóbi ní ìbéèrè. Ọkọ mi wọ súùtù, ó de táì, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. 2019 àti 2020 ti lọ.

Ẹjọ́ tí mo ní: akọ̀wé wọn kì í gbé fóònù, ó sì ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé wí. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ò gba ju ọkọ̀ mẹ́rin lọ. Bẹ́ ẹ bá ní òṣìṣẹ́, tó jẹ́ pé owó-orí tẹ́ ẹ yọ lára owó oṣù wọn lẹ jẹ, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ síbẹ̀ torí ìyẹn. Kò sí bankruptcy tó ń pa á rẹ́. Àwa ṣì ń san 2018.